Tí ẹ̀rọ bá ṣe ọmọṣẹ́ léṣe, ta ni yóò sanwó?

Láti Ìbàfò dé Mọ́wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn kan ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn kan ń la pákó, àwọn mìíràn sì ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣírò mọ́ ọn ni iye tí yóò ná wọn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá gé ìka ọmọṣẹ́.

Iṣẹ́ ìwakùsà kóòlù, ìyẹn èédú abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní nǹkan bí ọdún 1915, lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ilẹ̀ ya lu awakùsà nìkan ni ewu ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà há lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí ń gé kóòlù sì lè fún òṣìṣẹ́ mọ́ ògiri. Bẹ́líìtì tí ń kó kóòlù jáde náà lè fa ọwọ́ tàbí aṣọ wọlé. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 2015 pé kí àwọn ẹ̀rọ tí ń gé kóòlù lábẹ́ ilẹ̀ ní ohun èlò tí yóò dá wọn dúró tí èèyàn bá ti sún mọ́ wọn jù.

Ohun èlò yẹn kọjá agbára oníṣòwò kékeré. Àmọ́ òfin méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí kò gba owó púpọ̀. Èkíní, kí wọ́n bo ibi tí ń yí lára ẹ̀rọ. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má tún ẹ̀rọ ṣe àfi tí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, tí kò sì lè yí mọ́.

Ẹ wo bí ìjàǹbá ṣe lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Iná lọ, ẹ̀rọ dúró, ìyẹ̀fun há sínú rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, kò sì rántí pa súìṣì. Lójijì, wọ́n mú iná dé. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó kọ́kọ́ pa súìṣì, kó fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀ títí yóò fi yọ ọwọ́.

Òfin Nàìjíríà lórí ilé iṣẹ́, ti ọdún 1987, náà pàṣẹ pé kí wọ́n bo apá ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Ní ti owó gbà-máà-bínú, òfin ọdún 2010 ló ń darí rẹ̀, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Ọ̀gá ni yóò máa san 1% nínú àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà. Tí gbogbo owó oṣù bá jẹ́ ₦500,000, ₦5,000 ni. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Òfin yìí ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́.

Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó fara pa sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Tí òṣìṣẹ́ bá kú, tó sì fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, 90% owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá àpò yín nìkan lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tilẹ̀kùn lónìí, ẹ rìn yí ẹ̀rọ yín ká. Bẹ́líìtì tí kò bá ní ìbòrí, ẹ pe alágbẹ̀dẹ lọ́la kó wá bò ó. Súìṣì tí kò bá ṣeé tì, ẹ jẹ́ kí oníná wá pààrọ̀ rẹ̀.