Ìtọ́jú Ẹni tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Gbóògùn Mọ́: Iṣẹ́ Wo Ló Kù fún Awo àti Ẹbí?



Àwọn àgbà ní àrùn ló ṣe é wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ìtùnú la fi ń pè é, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú wà nínú rẹ̀. Bí ikú kò bá ṣe é yẹ̀ mọ́, ìrora ṣì ṣe é dín kù, èébì ṣe é dá dúró, ẹ̀rù ṣe é lé lọ. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní palliative care. Cicely Saunders, ẹni tó dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, kọ́ni pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ẹ̀mí wà níbẹ̀. Lónìí, UCH n'Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka fún iṣẹ́ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣe é ṣe nílé.

Ǹjẹ́ Ifá lòdì sí i? Rárá o. Bí a bá ń fi ìbò wádìí, a kì í da ibi pọ̀; a ó bèèrè bóyá ibi ikú ni tàbí ibi àrùn. Láàárín àwọn ajogun, ọ̀tọ̀ ni Ikú, ọ̀tọ̀ ni Àrùn. Ẹni tó ń dín ìrora kù kò pe ikú wọlé.

Èmi gan-an ò tètè mọ èyí. Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ eegun ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ní ká fún wọn ní mọ́fíìnì olómi. Mo kọ̀, mo ní oògùn ikú ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń rúbọ, tí wọ́n ń ké lóru. Ìgbà tí ìyàwó wọn fi ẹkún bẹ̀ mí ni mo tó gbà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n pe àwọn ọmọ wọn, wọ́n sọ bí a ó ṣe pín ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n papò dà, oògùn kọ́ ló pa wọ́n, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ẹbí, bí dókítà bá ní kí ẹ lo mọ́fíìnì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má dúró kí ìrora kọ́kọ́ dé. Ó máa ń fa àìlèyàgbẹ́. Ẹ bèèrè oògùn tó ń mú inú rọ̀. Bí ẹ bá ń lo àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ máa yí aláìsàn padà kí ara má bàa bó. Bí kò bá lè jẹun mọ́, ẹ má rọ ọ́ lọ́fun. Ẹ fi omi tutù pa á létè. Ẹ bi í ní ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yóò rí àlàyé lórí èyí nínú Being Mortal, ìwé tí Atul Gawande kọ lọ́dún 2014.

Ẹ̀yin awo, bí Ifá bá ti fi hàn pé ọlọ́jọ́ ti dé, ẹ má jẹ́ kí ẹbí ta ilẹ̀ nítorí ẹbọ tuntun. Ẹ bá a bọ Orí rẹ̀, ẹ parí ìjà tó wà nílẹ̀, ẹ jókòó tì í. Iṣẹ́ awo nìyẹn náà.