Òru Ẹ̀fẹ̀ Kò Dé Kure

Ní ọjà Kure ní Minna, èdè Hausa ni wọ́n sábà fi ń ná ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gbagyi, Nupe, Yorùbá àti Igbo jọ ń tajà níbẹ̀. Bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni olóṣèlú ń kó onílù àti olórin wọ̀. Wọ́n á kọrin tán, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ta ló bi ìyá aláta ní orin tirẹ̀?

Yorùbá ní ẹni tó ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ ìlú láàárín ọjà. Ní Kétu, Ìmẹ̀kọ àti agbègbè wọn, òru ni Ẹ̀fẹ̀, olórin tó ń bojú, ń jáde, kí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹ̀fẹ̀ á júbà òrìṣà, àgbà àti àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn obìnrin alágbára; lẹ́yìn náà ni yóò wá tú àṣírí: olè, alágbèrè, ìjòyè tó jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí orin bá dùn mọ́ èrò, wọ́n á gbè é. Bí kò bá dùn mọ́ wọn, ó kú síbẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fìyà ohun tó sọ jẹ ẹ́. Kì í sì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n o! Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ náà. Àwọn ìyá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyálàṣẹ̀ sì ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àjogúnbá aráyé lọ́dún 2001.

Hubert Ogunde, òṣèré orí ìtàgé, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó fi eré *Yorùbá Ronú* bá àwọn olóṣèlú wí lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun Fájuyì, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Minna jù ni ti Zaria. Ní Soba, nítòsí Zaria, lọ́dún 1977, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ eré ní Yunifásítì Ahmadu Bello gbé *Wasan Manoma*, eré àgbẹ̀, kalẹ̀ ní èdè Hausa. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi hun ún. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju orin ìpolongo lọ, nítorí etí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ á padà sí Zaria. Aláta tó bá kọrin nípa owó ìsọ̀ ní Kure ní láti padà sídìí àtẹ kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìsí Ìyálàṣẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.