Ta Ni Lọ́yà, Ta Ni Adájọ́?

Ẹ ra ilẹ̀ ní Ìfàkò. Ẹlòmíràn ní òun ni ó ni ín, ó sì pè yín lẹ́jọ́. Ta ni ẹ ó tọ̀ lọ?

Akọ̀wé létà lè bá yín kọ létà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́yà. Kò lè bá yín rojọ́ ní kọ́ọ̀tù.

Lọ́yà ni ó ń bá ni rojọ́. Òun náà ni ó ń ṣe ìwé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní Nàìjíríà, lọ́yà kan náà lè ṣe méjèèjì.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni ó ń gba ìwé ẹjọ́ wọlé. Bí ẹ bá san owó, ẹ gba rìsíìtì.

Adájọ́ ń gbọ́ tọ̀tún-tòsì kí ó tó dájọ́. Ẹ má ṣe bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nílé.

Bí kò bá sí owó lọ́yà ńkọ́? Láti ọdún 2000 ni ìjọba Èkó ti dá ọ́fíìsì Public Defender sílẹ̀. Lọ́yà ọ̀fẹ́ ni wọ́n jẹ́ fún tálákà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ má jókòó sílé. Ẹni tí kò lọ, ta ni yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀?