Awò Tí Ó Ń Mú Ìgbẹ́ Súnmọ́ni: Ta Ni Yóò Ya Àwòrán Àlùkò fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ìròyìn kò tó àfojúbà, báyìí ni àwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa lóde òní, ìròyìn nìkan ni ó kù nípa ọ̀pọ̀ ẹranko àti ẹyẹ ilẹ̀ wa. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè nípa àlùkò, yóò dá yín lóhùn kíákíá pé àlùkò ni ó ni osùn, gẹ́gẹ́ bí agbe ti ni aró. Ẹ wá bi í bóyá ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí àlùkò rí. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò pa lọ́lọ́. Ọdọọdún ni mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè yìí, kò sì tí ì sí ọdún tí àwọn tí ó nawọ́ sókè pé mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìjàgbó, ìlú àwọn Ìbọ̀lọ́ tí ó múlé ti Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ti ra awò gígùn kan fún kámẹ́rà rẹ̀. Kò rà á láti fi ya ọkọ àti ìyàwó níbi ìgbéyàwó, bí kò ṣe láti fi ya ẹyẹ àti ẹran ìgbẹ́ ní agbègbè odò Ọ̀yun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní owó rẹ̀ ti ṣègbé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí tí n kò fi gbà.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ nípa kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Awò ojú kámẹ́rà tí a sábà máa ń rí lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò jẹ́ ìwọ̀n 50 mílímítà, ohun tí ó sì ń fi hàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí ojú ènìyàn ṣe ń wo ayé. Ti olùkọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti 150, ó sì lè fi ọwọ́ yí i títí yóò fi dé 600 láìyọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà. Irú èyí ni àwọn onífọ́tò ń pè ní súùmù. Bí ó bá yí i dé 500, ẹyẹ tí ó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà yóò tóbi nínú àwòrán bí ìgbà tí a fi awò 50 ya á ní mítà mẹ́wàá péré. N kò mọ ajá ọdẹ tí ó lè mú ẹran súnmọ́ olówó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìlé e.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré kọ́ ni. Awò náà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù méjì. Bí ó ti ń sọ ẹyẹ di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí àpò tí a rọ iyanrìn sí, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí kí ó sì padé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ni ọ̀pọ̀ ẹran máa ń jẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ooru tí ń jó lórí ilẹ̀ yóò mú kí ohun tí ó jìnnà dà bí ohun tí ó wà nínú omi. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku yóò bo gbogbo rẹ̀.

Èrò yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1905, ọdẹ ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Carl Georg Schillings tẹ ìwé jáde nípa àwọn ẹranko ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ìbọn ni ó gbé dání lọ́wọ́ kan, kámẹ́rà sì ni ó gbé lọ́wọ́ kejì. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Voigtländer gbé Zoomar jáde, súùmù àkọ́kọ́ fún irú kámẹ́rà fọ́tò tí a ń gbé lọ́wọ́, agbára rẹ̀ kò sì kọjá 36 sí 82. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé láti nǹkan bí ọdún 2013 ni súùmù tí ó dé 600 ti wà ní iye tí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ lè fi owó àjọ rà ní àlòkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àṣà nìyí. Nígbà tí olùkọ́ yìí kọ́kọ́ dá nìkan wọ ìgbẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń ya ìdí ẹran tí ń sá lọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbé obì, ó tọ àgbà ọdẹ kan lọ nínú ìlú. Mo bá wọn lọ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò tí ì rìn jìnnà tí bàbá fi dúró, ó bu eruku, ó sì jẹ́ kí ó máa dà láti ọwọ́ rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí o gbé dání yìí, ṣé ó ní imú?”

“Rárá, bàbá. Ojú nìkan ni ó ní.”

“Ẹran ní imú. Bọ́ sí apá ìhín.”

A yí ọ̀nà padà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé òórùn wa lọ bá ohun tí a ń wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò lè ka iye ìgbà tí bàbá fi ojú rí ohun tí awò kò rí: ipasẹ̀ tí ìrì ti bò àti èyí tí ìrì kò tí ì bò, igi ọ̀pọ̀tọ́ tí èso rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ibi tí koríko tẹ̀ sí. Ó ní kí a má ṣe tẹjú mọ́ ẹran, nítorí pé ẹran mọ̀ bí a bá ń wo òun. Irú ojú báyìí ni ó bí ìjálá. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966 yóò rí i pé ẹni tí ó ti súnmọ́ ẹran gidi nìkan ni ó lè ki ẹran ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí yóò mẹ́nu kan ìrìn rẹ̀, àmì ara rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Awò gígùn kò rọ́pò ìmọ̀ yìí rárá. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọdẹ rí ohun tí ọdẹ ti ń rí tipẹ́.

Orí ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ni a ti rí àlùkò. Bí ó ti dúró lórí ẹ̀ka, n kò rí osùn kankan lára rẹ̀. Dúdú tí ó ń dán, tí ó fà sí elésè àlùkò, ni mo rí. Ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lára rẹ̀ ni a ti mú orúkọ àwọ̀ náà, èyí tí gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti fò, ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣí, pupa kan sì tàn jáde bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn ra á. Ojú lásán kò lè dì í mú, nítorí pé kíá ni ó kọjá. Kámẹ́rà dì í mú. Ní ọdún 1869, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, A. H. Church, fi hàn pé bàbà wà nínú pupa ìyẹ́ ìdílé àwọn ẹyẹ yìí. Àwọn baba wa kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí osùn wà lára ẹyẹ náà: ibi tí ẹni tí kò bá dúró pẹ́ kò lè rí ni.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé orúkọ tí kò ní àwòrán kì í ṣófo lọ títí. Àwòrán àjèjì ni yóò wọ inú rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni a ti kọ́ pé ẹkùn ni “tiger”? Éṣíà ni ilé ẹran yẹn, ilà gbọọrọgbọọrọ ni ó wà lára rẹ̀. Ẹkùn tiwa kò ní ilà, àmì tótòtó ni ó bò ó. Wọ́n túmọ̀ àgbọ̀nrín sí “deer”, ẹran tí kò sí ní apá Áfíríkà tiwa yìí rárá, tí ìwo akọ rẹ̀ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún. Ìwo àgbọ̀nrín kì í já bọ́. Ọmọ Ọ̀fà ní tirẹ̀ ń jẹ́ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó ya ọ̀kín, “peacock” ni yóò yà, ẹyẹ tí a kó wá láti Íńdíà. Àwọn mìíràn ti tọ́ka sí ẹyẹ kékeré kan nínú igbó wa tí orí rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí ìrù akọ rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ, pé òun gan-an ni ọ̀kín. N kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe dá a láé, bí a kò bá ní àwòrán tí a lè tẹ́ síwájú àwọn àgbà ìlú kí wọ́n wò? Nínú ìwé atúmọ̀-èdè wa, “irú ẹyẹ kan” ni ìtumọ̀ tí ó pọ̀ jù. Ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Igún tí ó máa ń kún orí òrùlé ọjà àti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù nígbà èwe àwọn òbí wa ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí fi irú igún tí ó wọ́pọ̀ láàárín ìlú wa sí ipò àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Ní 2016 ni wọ́n fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ igún ṣì kún inú òwe wa. Ẹnu ni ó kù sí.

Gbogbo ọdẹ kọ́ ni ó fara mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi pé bí òun bá rí ọ̀yà tí òun kò pa á, ṣé fọ́tò ni ìyàwó òun yóò fi se ọbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ìgbẹ́ ń bọ́ kò lè gbọ́ ìwàásù ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Ohun tí mo rí ní Ìjàgbó ni pé olùkọ́ náà ń san owó ọjọ́ fún bàbá gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà, ó sì jẹ́ owó tí ó tó ẹran. Ó tún ní ìlànà kan tí mo gbóríyìn fún: kò jẹ́ sọ ibi tí ó ti ya ẹran kankan fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í súnmọ́ ìtẹ́ ẹyẹ tí ó ní ẹyin, nítorí pé fọ́tò tí ó fi ojúkò hàn lè di ìpè fún ìbọn.

Àwòrán tí ó ti kó jọ lé ní ọgọ́ta báyìí. Ó tẹ̀ wọ́n sórí páálí, ó sì ń kó wọn lọ sílé bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n jọ fún wọn ní orúkọ: orúkọ tí Ìbọ̀lọ́ ń pè é, àti èyí tí àwọn ìlú mìíràn ń pè é bí ó bá yàtọ̀. Ní ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, bàbá sọ orúkọ ẹ̀gà, òròfó àti àparò láìronú. Nígbà tí ó kan ẹyẹ pẹ́ńpẹ́ kan tí ara rẹ̀ rí bí eérú, ó yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó sì dá a padà.

“Irú eléyìí tó méjì, wọ́n sì jọra. Kí ni ó wí nígbà tí o yà á?”

Olùkọ́ ní òun kò fetí sí i, ojú ni òun ń lò. Bàbá ní kí ó padà lọ síbẹ̀ kí ó lọ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó tó kọ orúkọ kankan sí i.