"Incite" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú o

Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò wa ní Òkè-Aró pé: "I want to incite everybody to pay for the transformer." Kíá, bàbá kan pè mí: "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni?"

Bàbá ò jayò pa. "Incite" ni kéèyàn ti ẹlòmíì sí ìjà, ọ̀tẹ̀ tàbí ìwà ọ̀daràn. Ìdí nìyí tí ìròyìn fi máa ń sọ pé "incite violence". Tó bá jẹ́ ohun rere, "urge" tàbí "encourage" ló yẹ: "I urge everybody to pay."

Ẹ wo Funmilayo Ransome-Kuti l'Abẹ́òkúta. Ó kó àwọn obìnrin jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn á ní ó "mobilise" wọn. Ẹni tó ń gba owó orí lè ní ó "incite" wọn. Iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan lè sọni di ọ̀daràn.

Torí náà, ẹ tún un kà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Èmi ti tọrọ àforíjì. Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ dáwó.