Ibà Pọ́njú-pọ́ntọ̀: Ohun tí Eku Inú Yàrá Ìwádìí Kọ́ Wa

Àwọn baba wa sọ àìsàn kan ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí wọ́n ṣàkíyèsí pé ojú aláìsàn náà pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Ohun kẹta wà tí a fẹ́ kí ẹ máa wò: àwọ̀ ìgbẹ́. Ìgbẹ́ lè sọ fún wa bóyá ọ̀nà òróòro ló dí. Bó bá sì jẹ́ pé ó dí, kò sí àyè fún ìfọ̀rọ̀-falẹ̀.

Ẹni tó bá ti pa àgbò Iléyá rí mọ òróòro. Àpò kékeré kan ni, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, alápatà sì máa ń rọra yọ ọ́ kí ó má baà bẹ́ sára ẹran. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò inú rẹ̀. Omi náà ń gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sínú ìfun, ibẹ̀ ló ti ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ, òun náà ló sì ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Bí òkúta inú àpò òróòro tàbí kókó bá dí ọ̀nà yìí, ìgbẹ́ á funfun bí ẹfun. Òróòro tí kò rọ́nà lọ á ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀: ojú á pọ́n, ara á máa yún, ìtọ̀ á sì dúdú bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí.

Ara eku ni àwọn onímọ̀ ti rí ohun tí ìdíwọ́ yìí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀. Wọ́n á fún eku ní oògùn oorun, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á fi òwú so ọ̀nà òróòro, wọ́n á sì rán ikùn padà. Wọ́n á la ikùn àwọn eku mìíràn, wọ́n á rán an láìso ohunkóhun, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ti ọ̀bẹ lásán. Èlírí ní àpò òróòro bíi tiwa, ṣùgbọ́n eku yìí kò ní. Bí wọ́n bá ti so ọ̀nà náà, òróòro kò ríbi kó ara rẹ̀ sí, àfi kó máa wọ́ padà sínú ẹ̀dọ̀.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, etí àti ìtọ̀ eku náà á pọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ara á fi àpá dí ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fi àpá dí ojú egbò, títí ẹ̀dọ̀ á fi le. Ní 1984, Kountouras, Billing àti Scheuer ròyìn pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku bẹ́ẹ̀ á ti le, bíi ti ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti bá fínra fún ọdún púpọ̀. Ìwádìí mìíràn sì fi hàn pé bí a bá tètè ṣí ọ̀nà fún òróòro padà, àpá náà lè dínkù. Ọ̀sẹ̀ 4 ti eku kì í ṣe òdiwọ̀n fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá: bí ìdíwọ́ bá ṣe ń pẹ́ tó ni àtúnṣe á ṣe máa ṣòro tó.

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé ẹ̀sìn wa fàyè gba kí á ṣe eku báyìí? Òótọ́ ni pé eku wà lára ohun tí Ànábì wa (SAW) yọ̀ǹda pípa rẹ̀, ṣùgbọ́n pípa yàtọ̀ sí dídá lóró. Ẹ rántí obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé láìfún un lóúnjẹ. Lójú tiwa, àǹfààní gidi fún ẹ̀mí ènìyàn nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn irú iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú oògùn tó ń pa ìrora. Ní 1959, Russell àti Burch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn olùwádìí ṣì ń tẹ̀lé: kí á lo ọ̀nà mìíràn bó bá wà, kí á dín iye ẹranko kù, kí á sì dín ìrora wọn kù. Ojúṣe tiwa ni pé kí á má fi ẹ̀kọ́ tí ẹ̀mí bá lọ ṣòfò.

Ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí á sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, tàbí tó pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀nà òróòro wọn dí pa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa mu ọyàn dáadáa, kí ìyá rẹ̀ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí gbogbo ilé sì máa sọ pé yóò lọ. Ní 1959 kan náà, dókítà Morio Kasai ti ilẹ̀ Japan ròyìn iṣẹ́ abẹ tó ń so ìfun mọ́ ẹnu ẹ̀dọ̀ kí òróòro lè rọ́nà lọ. Ìgbà tí ó ń yọrí sí rere jù ni kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò tọ́jú kì í rí ọjọ́ orí ọdún 2 àti díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má sọ ìtẹ́dìí ọmọ nù láìwo inú rẹ̀, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ẹ gbé ọmọ àti ìtẹ́dìí náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àgbàlagbà náà kò yọ sílẹ̀, pàápàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, nítorí òkúta òróòro wọ́pọ̀ lára wọn. Bí ojú bá pọ́n, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dun ni, tí ibà àti òtútù sì dé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú bá aláìsàn nílé. Agbo kò lè tú òkúta tó há, ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ náà ni yóò sì tún ru ẹrù agbo.

Ànábì wa pa á láṣẹ fún wa pé kí á wá ìwòsàn. Àdúà kò ní kí á má lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn kò sì ní kí á má ṣe àdúà. Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì wo àwọn ọmọ wa dàgbà. Àmín.