Ògún Mẹkáníìkì, Ọya Eléré Ìje: Iṣẹ́ Tarell Alvin McCraney Lórí Ìtàgé

Ọkùnrin mẹ́ta bọ́ sójú agbo. Wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun fa ìlà yí agbo náà ká. Kò sí ògiri, kò sí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ní àwọn wà. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí àwọn òǹwòran, ó sọ fún wọn pé Ògún ń jáde bọ̀. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó jáde.

Eré yìí ni The Brothers Size, èyí tí Tarell Alvin McCraney kọ nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Yale, tí wọ́n sì ṣe ní New York àti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2007. Louisiana ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní ìlú kan tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, San Pere. Ògún Size ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, irin ló sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ tún ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Àbúrò rẹ̀, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, kò sì lè gbé ojú kan. Ẹlẹ́gbá, tí òun àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì jọ wà lẹ́wọ̀n, ló gbé ọkọ̀ wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ yẹn ló gbé wàhálà wọlé.

Nínú ìwé eré, ọ̀rọ̀ bíi “Ògún jáde” wà fún òṣèré nìkan, kì í ṣe fún etí òǹwòran. McCraney ní kí wọ́n máa pè é síta. Ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí mọ irú rẹ̀ dáadáa: apàlọ́ á di ìjàpá, á tún padà di ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé ó da ìtàn rú. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pe àwọn tó ń wò ó mọ́ra, kí wọ́n má bàa jókòó bí àlejò.

Báwo ni ọmọ Miami ṣe débi òrìṣà? Ọdún 1980 ni wọ́n bí McCraney, ní Liberty City, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìṣẹ́ ń bá fínra. Miami yìí kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Kúbà sá wá lẹ́yìn tí Castro gbàjọba lọ́dún 1959, àwọn kan nínú wọn sì gbé Elegguá àti Yemayá dání, àwọn òrìṣà tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbìn sí Kúbà ṣáájú. Oògùn olóró gba ìyá McCraney lọ́wọ́ rẹ̀ kí ikú tó gbà á. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn yẹn gan-an ló kọ́ ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ọkùnrin yẹn sì kú kí ọmọ tó dàgbà. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó bá ẹgbẹ́ òṣèré kan lọ ń ṣeré fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Lọ́dún 2003 ìyá rẹ̀ kú, àrùn éèdì ló pa á. Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó wá di fíìmù Moonlight.

Ní Yale, ó ṣe olùrànlọ́wọ́ fún August Wilson lórí eré rẹ̀, Radio Golf, lọ́dún 2005, ọdún tí àgbà òǹkọ̀wé náà kú.

Nínú eré McCraney mìíràn, In the Red and Brown Water, Ọya ni ọmọbìnrin tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Yunifásítì kan fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré ìje, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Mama Moja, wà lórí àìsàn, ó sì dúró tì í. Nígbà tí ìyá fi máa kú, àǹfààní ti bọ́. Ògún akólòlò fẹ́ràn rẹ̀, Ṣàngó tó di ṣọ́jà ló gba ọkàn rẹ̀, kò sì rọ́mọ bí. Níkẹyìn ó gé etí ara rẹ̀, ó gbé e fún Ṣàngó.

Ibí ni ọmọ Yorùbá á ti yarí. Ọbà ló gé etí, kì í ṣe Ọya! Èmi náà kọ́kọ́ bínú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn ni mo rí ohun tó ṣe: ó so ìyàwó Ṣàngó méjì pọ̀ sára ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò kù ju ara rẹ̀ tó lè fi tọrọ. Mo gbà fún un. Òrìṣà kì í ṣe aṣọ ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà ènìyàn ni, bó ṣe rí lọ́wọ́ àwọn baba wa.

McCraney kì í fi bò pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ lòun ń fẹ́. Marcus, ọmọ ọdún 16 nínú eré kẹta tó so mọ́ méjì wọ̀nyí, ń wá bó ṣe máa mọ̀ bóyá Ẹlẹ́gbá, bàbá rẹ̀ tó ti kú, náà fẹ́ràn ọkùnrin. Orúkọ ìdílé ọmọ yìí ni Èṣù. Lórílẹ̀-èdè wa, níbi tí òfin ọdún 2014 ti sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn, ọ̀pọ̀ ni kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn níbi ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀ ìbéèrè ọmọ náà kò le: ṣé mo jọ bàbá mi? Ọmọ wo ni kì í béèrè rẹ̀?

Choir Boy, nípa ọmọkùnrin tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé, dé Broadway lọ́dún 2019. Ṣáájú ìyẹn, Barry Jenkins, ọmọ Liberty City tí oògùn gba ìyá tirẹ̀ náà, ti sọ ìwé ọdún 2003 yẹn di fíìmù. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 àwọn méjèèjì jọ gba Oscar fún ìwé fíìmù náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ṣi orúkọ La La Land pè kí wọ́n tó wá dá ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù padà fún Moonlight.

Ó ń darí eré pẹ̀lú. Lọ́dún 2013 ó gbé Antony and Cleopatra ti Shakespeare lọ sí Haiti, sí àsìkò tí àwọn ẹrú fẹ́ dìde sí àwọn ará Faransé. Láti Stratford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti lọ sí Miami, ìlú rẹ̀, kó tó dé New York. Láti 2023 òun ni olùdarí iṣẹ́ ọnà ní Geffen Playhouse ní Los Angeles, The Brothers Size sì wà lára ohun tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ lọ́dún 2024.

Nígbẹ̀yìn The Brothers Size, ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ògún jí i lóru, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ àti owó tó ní lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn, ó sì ní bí ọlọ́pàá bá dé, òun máa sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.